Ọkọ̀ Tí Òǹgbẹ Ń Gbẹ

Ọkùnrin kan wà létí ọ̀sà tó jogún ọkọ̀ onípákó bàbá àgbà rẹ̀, èyí tó ń fi ìgbòkun rìn. Iyì Ọ̀sà ni wọ́n ń pè é. Láyé bàbá àgbà, ó ti gbé aboyún dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí nínú ìjì, kò sì sí ọkọ̀ tó lè bá a sáré.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn ọkọ̀ náà ju oúnjẹ lọ. Ó kọ́ àtíbàbà fún un lórí ilẹ̀, ó ń nù ún, ó ń kùn ún. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Bí òjò bá ṣú, yóò sáré lọ fi tapólì bò ó, aṣọ tirẹ̀ lórí okùn á sì rin gbingbin. Àlejò tó bá yà béèrè ọ̀nà yóò gbọ́ ìtàn Iyì Ọ̀sà tán kó tó mọ ọ̀nà. Fún ogún ọdún, ẹnu nìkan ni ọkọ̀ náà fi ń rìn.

Nígbà tó fẹ́ fa ọmọbìnrin rẹ̀ fọ́kọ ní òdìkejì ọ̀sà, ó ṣèlérí fáwọn àna pé Iyì Ọ̀sà ni yóò gbé e wá. Arúgbó kan tó ń kan ọkọ̀ ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kó kọ́kọ́ mumi.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ṣé màlúù ni?”

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n ti ọkọ̀ náà sómi, òun ló sì kọ́kọ́ wọnú rẹ̀ pẹ̀lú agbádá, ó ń sọ ìtàn fún èrò èbúté. Pákó tó ti gbẹ ti súnkì, omi sì ń gba àárín wọn wọlé. Ó dé orúnkún rẹ̀, ó ṣì ń sọ ìtàn. Ó dé àyà, ó dákẹ́. Fìlà rẹ̀ nìkan ló dé ọ̀dọ̀ àwọn àna.

“Bàámi,” ni ọmọ rẹ̀ wí létí omi, “mo lè dúró, ṣùgbọ́n kì í ṣe ogún ọdún o.”

Ojú tì í wẹ̀lẹ̀mù. Ó ní kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ jáde kíá.

“Fi í sílẹ̀,” ni arúgbó wí. “Ìwọ lojú ń tì, kì í ṣe ọkọ̀.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni ọkọ̀ náà fi rì síbẹ̀, tí gbogbo ìlú ń kí ọkùnrin náà kú ewu omi. Lọ́jọ́ karùn-ún, pákó ti mumi yó, ó ti wú, ó ti fún mọ́ra. Wọ́n gbọ́n omi inú rẹ̀ dànù. Iyì Ọ̀sà gbé ìyàwó, kò sì jò.

Ìwọ tó jókòó níwájú mi, tó ń ròyìn bí bàbá rẹ ṣe máa ń gba àlejò sílé, mo ti gbọ́. Bàbá rẹ ṣe é. Aládùúgbò rẹ tí òjò wó ilé rẹ̀ ṣì ń sùn ní gbàgede ilé rẹ. Lọ ṣílẹ̀kùn fún un. Àlejò gbígbà rẹ yóò kọ́kọ́ jò bí ọkọ̀ yẹn: wàá kanra, wọn á fi ọ́ ṣẹ̀sín. Má tìtorí ìyẹn wọ́ ọkọ̀ jáde. Jẹ́ kó mumi.