Ìyá Àgbà Kò Gbọdọ̀ Kú

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Fẹ́hìntọ́lá kọ ìwé ìtàn àkọ́kọ́ rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí alágbàtà mẹ́ta tí ń bá òǹkọ̀wé wá ilé ìtẹ̀wé. Àwọn méjì ṣì ń kà á nígbà tí ẹni kẹta, Ọ̀gbẹ́ni Àjàṣá, pè é pé: "Ìyá àgbà inú ìtàn yìí kò gbọdọ̀ kú. Tún ìparí rẹ̀ kọ, kí n tún un wò."

"Sọ fún àwọn tó kù pé ó ti gbà á," ni Kúnmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Wàá rí eré tí wọ́n máa sá!"

"Irọ́ nìyẹn! Wọ́n ń fi àkókò wọn ka iṣẹ́ mi. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí wọ́n mọ òtítọ́."

"Olódodo ayé! Bí wọ́n bá dá a padà, má wá bá mi sunkún o."

Fẹ́hìntọ́lá pè wọ́n. Ọ̀kan ní òun á dúró de ìparí tuntun. Fẹ́hìntọ́lá wá pe ẹnì kejì, Ìyáàfin Fádèyí.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹnì kan ní kí n tún ìparí ìwé mi kọ. Kò tíì gbà á o. Ṣé ẹ ó máa kà á lọ, àbí ẹ ó dúró?"

Ìyáàfin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ikú màmá yẹn ló mú mi sunkún láàárọ̀ yìí. Má fọwọ́ kàn án! Bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ ẹ. O ṣeun tó o tètè sọ."

Fẹ́hìntọ́lá pe àwọn méjì yòókù láti dúpẹ́, ó sì sọ fún wọn pé Ìyáàfin Fádèyí ti gba ìwé náà. Ọ̀gbẹ́ni Àjàṣá ní, "O káre. Èmi ni kí o kọ́kọ́ fi ìwé kejì hàn."

Kúnmi na fóònù tirẹ̀ sí i. "Jọ̀wọ́, bá mi pe onílé mi, kí o sọ òtítọ́ fún un pé n kò tíì rí owó ilé."