Pẹ́pẹ́yẹ, Alágẹmọ àti Táyà Dídán

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yà sí àgbàlá Pẹ́pẹ́yẹ, ó sì rọ̀gbọ̀kú síbẹ̀. Orin wà nínú rẹ̀. Bí mo bá ti lé e, kí ẹ̀yin gbè é pé: "Yí gbiri, táyà, yí gbiri." Ẹ jẹ́ ká dán an wò.

Yí gbiri, táyà, yí gbiri.

Ó dáa. Ẹnu yín dùn.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń gun alùpùpù, ẹ má bi mí pé ta ló kọ́ wọn, Pẹ́pẹ́yẹ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ẹja pípa. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ìrìn rẹ̀ nìkan ni kò jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń rìn, ìdí rẹ̀ á lọ sí ọ̀tún, á lọ sí òsì, á tún padà sí ọ̀tún. Àwọn ọmọdé a máa kí i pé, "Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ẹmu ni àbí ògógóró?"

Pẹ́pẹ́yẹ fúnra rẹ̀ mọ̀. A máa sọ pé, "Bí mo bá ń lọ sódò, èmi ni mò ń lọ. Ìdí mi ti yà kí aládùúgbò ọ̀tún, ó sì ti yà kí ti òsì."

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti gun alùpùpù, ó parí. Yóò nà gbọnrangandan. Ìdí rẹ̀ yóò jókòó jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá rí i lórí alùpùpù tí kò rí i lórí ilẹ̀ rí, á rò pé ọmọ ọba ló ń kọjá.

Ní ìlú wọn, lẹ́yìn ìkórè, àwọn ẹranko a máa fi alùpùpù sá eré ìje ní pápá Ìsàlẹ̀-Òkè. Kò sẹ́ni tó fi ṣe iṣẹ́ oòjọ́ nínú wọn. Àgbò tó jẹ́ olórí wọn, àgbẹ̀ ni. Ajá ń ṣọ́lé. Ìgbín ń mọ ìkòkò. Eré ìdárayá lásán ni. Ẹni tó bá gbégbá orókè, wọn á pàtẹ́wọ́ fún un, kálukú á sì gba ilé rẹ̀ lọ.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Pẹ́pẹ́yẹ rí Àwẹ̀ró, ọmọ Tòlótòló. Ó fẹ́ Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró náà fẹ́ ẹ. Tòlótòló ni kò fẹ́.

Tòlótòló pè é jókòó. Ó ní, "Pẹ́pẹ́yẹ, mi ò ní nǹkan kan sí ọ. Ìrìn rẹ ni. Ní ọjọ́ ìyàwó, àwọn ará ilé mi á rò pé ọkọ ọmọ mi ti yó kí wọ́n tó gbé ọtí dé."

Pẹ́pẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ wá wò mí ní ọjọ́ eré ìje. Bí ẹ bá rí i tí mo mì lórí alùpùpù, ẹ fi ọmọ yín fún ẹlòmíràn."

Tòlótòló ní, "Mo gbọ́. A ó wá."

Pẹ́pẹ́yẹ délé, ó wo alùpùpù rẹ̀. Táyà rẹ̀ méjèèjì ti pẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti lẹ ọ̀kan níbì kan. Eruku bò wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kò já a kulẹ̀ rí, nínú òjò, nínú ẹ̀rùn, nínú iyanrìn etí odò. Pẹ́pẹ́yẹ wò wọ́n títí. Ó ní, "Táyà yìí jọ bàtà ẹni tó wá tọrọ oúnjẹ. Kò jọ bàtà ẹni tó wá tọrọ ìyàwó."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ eré ìje ti mọ́, ó pe Ewúrẹ́, aládùúgbò rẹ̀, pé kó sin òun lọ ra táyà.

Alágẹmọ ló ń ta táyà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ létí pápá. Ẹ mọ Alágẹmọ. Bí oníbàárà pupa bá dé, á pọ́n. Bí oníbàárà dúdú bá dé, á dú. Bó ti rí Pẹ́pẹ́yẹ tó funfun lọ́ọ̀ọ́kán, òun náà ti funfun kí ó tó dé ìdí àtẹ.

"Ẹ kú ọjà o," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

"Ọ̀gá mi, ẹ káàbọ̀," ni Alágẹmọ dáhùn. "Kí ẹ tó dé ni mo ti mọ̀ pé ògbólógbòó agun-alùpùpù ló ń bọ̀. Ìdúró yín nìkan ti tó."

Ìdúró. Kò sẹ́ni tó yin ìdúró Pẹ́pẹ́yẹ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa á lẹ́yin. Ọrùn rẹ̀ gùn sí i. Àyà rẹ̀ yọ síta. Kí Alágẹmọ tó pè é ní ọ̀gá, "ẹ" ni Pẹ́pẹ́yẹ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bó ti gbọ́ ọ̀gá tán, ó di "o".

"Táyà wo lo ní tó yẹ irú wa?"

Alágẹmọ yí méjì jáde. Wọ́n dúdú. Wọ́n ń dán. Oòrùn àárọ̀ kàn wọ́n, wọ́n ń kọ mànà. Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí ojú ara rẹ̀, ojú náà sì wù ú.

"Tuntun ni èyí," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

"Ọ̀gá mi, bí ẹ ṣe wí ni."

"Yóò sáré ju ti Ajá lọ."

"Ọ̀gá mi, bí ẹ ṣe wí ni."

"Èmi tí mo mọ táyà, mo rí i pé kò sí irú rẹ̀ ní ìlú yìí."

"Ọ̀gá mi, bí ẹ ṣe wí ni."

Ewúrẹ́ na ọrùn. Ẹ mọ Ewúrẹ́, ohun tí kò bá tíì tọ́ wò, kì í gbà á gbọ́. Ó ní, "Jẹ́ kí n fi ahọ́n kàn án."

Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́. Àwọn ọ̀gá ń sọ̀rọ̀."

Kò ná an. Ọ̀gá kì í nájà. Ó san iye tí wọ́n pè é. Alágẹmọ bọ́ táyà àtijọ́ lára alùpùpù, ó fi dídán wọ̀ ọ́, ó wá fi ẹsẹ̀ kan táyà àtijọ́ náà. Ó ní, "Ọ̀gá mi, kí ni kí a ṣe èyí?"

"Sọ ọ́ nù," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

"Bí ẹ ṣe wí ni," ni Alágẹmọ wí, ó sì rọra yí wọn lọ sí ẹ̀yìn àtẹ.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Ewúrẹ́ ní, "Ìyẹ́ apá rẹ ti dúdú níbi tí o fi kan táyà yẹn."

Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn pé, "Bí táyà tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Kò ra táyà tuntun rí láyé rẹ̀.

Pápá kún. Tòlótòló àti àwọn ará ilé rẹ̀ jókòó síwájú, níbi tí eré máa parí sí. Àwẹ̀ró dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọn yóò yí pápá ká. Àgbò fi orí kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo wọn sì gbéra.

Pẹ́pẹ́yẹ ló ṣíwájú. Kò mì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó kọjá níwájú àna, ó gbé orin:

Táyà mi tuntun, gbé mi dé ilé àna,
*Yí gbiri, táyà, yí gbiri.*
Tòlótòló ń wò mí, Àwẹ̀ró ń wò mí,
*Yí gbiri, táyà, yí gbiri.*
Ẹni bá ní mò ń mì, kó jáde wá wò mí,
*Yí gbiri, táyà, yí gbiri.*

Tòlótòló mi orí. Ó ní, "Ọmọ náà gbìyànjú."

Nígbà tí wọ́n yí pápá ká lẹ́ẹ̀kejì, ooru mú táyà. Ohun dúdú tó wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Pólíìṣì bàtà ni. Lábẹ́ pólíìṣì, táyà ti pá bí orí arúgbó. Lábẹ́ ibi tó pá, wọ́n ti fi àkísà dí ihò. Alùpùpù lọ sí ọ̀tún. Ó lọ sí òsì. Ó tún padà sí ọ̀tún. Ẹ wá wo nǹkan. Alùpùpù ń rìn bí Pẹ́pẹ́yẹ gan-an.

Pẹ́pẹ́yẹ rọra gbé orin, ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín:

Táyà mi, dákun, má dójú tì mí,
*Yí gbiri, táyà, yí gbiri.*
Ó ku díẹ̀ ká dé, rọ́jú fún mi,
*Yí gbiri, táyà, yí gbiri.*
Ẹni tó ní mò ń mì ti jáde wá wò mí,
*Yí gbiri, táyà, yí gbiri.*

Táyà kò gbọ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìkẹta, níwájú Tòlótòló gan-an, ó bú gbàù. Alùpùpù gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Pẹ́pẹ́yẹ fò sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí òun àti òfúrufú máa bára wọn ṣe nǹkan nìyẹn, wọn kò sì bára wọn mu. Ó balẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ó dìde. Alùpùpù ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó gùn ún lọ tagétagé títí ó fi dé òdìkejì pápá, ibẹ̀ ló kú sí pátápátá. Ajá kọjá lára rẹ̀. Ehoro kọjá. Ìgbín náà ń kọjá. Ìgbín rọra ń lọ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ráyè kí i. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó bi í léèrè ilé, ó bi í léèrè ẹja, ó bi í léèrè ara Ewúrẹ́, kí ó tó kọjá tán.

Igbó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Pẹ́pẹ́yẹ wo igbó náà. Bí ó bá wọ ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí ojú rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó rí Àwẹ̀ró lọ́ọ̀ọ́kán, tó fi ọwọ́ bo ojú, tó ń yọjú láàárín ọwọ́. Ó di alùpùpù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í bọ̀, níṣojú gbogbo ìlú, ìdí rẹ̀ ń lọ sí ibi tó wù ú. Ó ní bí ojú bá tilẹ̀ máa tini, kí orin má tì:

Mo gun táyà títí, táyà wá gùn mí,
*Yí gbiri, táyà, yí gbiri.*
Alùpùpù gbé mi lọ, mo wá gbé e bọ̀,
*Yí gbiri, táyà, yí gbiri.*
Ẹni bá ní mò ń mì, kò purọ́ mọ́ mi,
*Yí gbiri, táyà, yí gbiri.*

Kò dúró lọ́dọ̀ àna. Ìdí àtẹ Alágẹmọ ló gbà lọ. Inú ń bí i, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kí ó tó dé ibẹ̀, Alágẹmọ náà ti pọ́n.

"Alágẹmọ, táyà yìí kò dáa."

"Ọ̀gá mi, bí ẹ ṣe wí ni. Kò dáa rárá."

"Ó ti pá. Wọ́n fi pólíìṣì pa á lára."

"Bí ẹ ṣe wí ni. Ìwà ìkà gbáà ni."

"Olè ni ẹni tó bá ta irú rẹ̀."

"Olè paraku. Inú ń bí èmi náà. Ta ló tà á fún yín?"

Pẹ́pẹ́yẹ wò ó. Ó ní, "Ìwọ ni."

Alágẹmọ yí ojú kan síwájú, ó yí ìkejì sẹ́yìn. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí. Èmi kò sọ pé tuntun ni, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kò sọ pé yóò sáré, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ táyà lẹ ní kò sí irú rẹ̀ ní ìlú yìí. Òótọ́ sì ni. Kò sí."

"Táyà mi àtijọ́ ńkọ́?"

"Ìgbín ti rà á kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ó lágbára gan-an."

Pẹ́pẹ́yẹ la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Èébú ló fẹ́ bú, ẹ̀rín ló jáde. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí ẹrẹ̀ fi ń já bọ́ lára rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Tòlótòló, Àwẹ̀ró, Àgbò àti Ewúrẹ́ bá a. Tòlótòló ní, "Kí ló ṣe ọ́?"

Ewúrẹ́ yára dáhùn, ó fẹ́ bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láṣìírí. Ó ní, "Òkúta ni, bàbá. Òkúta ńlá kan ló wà lọ́nà."

Pẹ́pẹ́yẹ nu ojú. Ó ní, "Bàbá, kò sí òkúta kankan. Wọ́n pè mí ní ọ̀gá ni mo fi ṣubú." Ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ ìdúró pamọ́. Kò fi "àwọn ọ̀gá ń sọ̀rọ̀" pamọ́. Ó ní, "Táyà ni mo wá rà. Ìyìn ni mo rà, mo sì fi wọ alùpùpù."

Àgbò kọjú sí Alágẹmọ. Ó ní, "Lóòótọ́ lo kò purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fi pólíìṣì kun táyà? Mú méjì nínú àwọn dídán rẹ, gùn wọ́n yí pápá ká kí a wò ọ́."

Alágẹmọ funfun. Ó dú. Ó di àwọ̀ òféèfèé. Kò sí àwọ̀ kankan nínú wọn tó gbà á sílẹ̀. Wọ́n gbé e gun alùpùpù. Kò tíì dé kọ́nà àkọ́kọ́ tí táyà fi bú, tó sì fi ẹ̀yìn balẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Alágẹmọ kò gbẹ́kẹ̀ lé ilẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ kan, á gbé e dúró lófúrufú, á mì síwájú, á mì sẹ́yìn, á rò ó dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn títí di òní.

Tòlótòló ṣì dúró. Ó ní, "Pẹ́pẹ́yẹ, o mì."

"Mo mì, bàbá."

"O ṣubú."

"Mo ṣubú, bàbá."

"Igbó wà nítòsí, o kò sá wọ̀ ọ́." Ó ní, "Wá sílé mi lọ́la. Má gun nǹkan kan wá. Ẹsẹ̀ ni kí o fi rìn."

Ní ọjọ́ kejì, Pẹ́pẹ́yẹ múra, ó mú ẹja lọ́wọ́, ó mú ọ̀nà pọ̀n. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e. Tòlótòló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó láti òkèèrè bó ṣe ń bọ̀. Ó wò ó, ó wò ó. Ó wá pe ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Àwẹ̀ró, gbé àga síta fún ọkọ rẹ, kí o sì bu omi tútù sílẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ gùn díẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ."

Ẹ̀kọ́ tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé, ẹni tó bá gbé etí tí ebi ìyìn ń pa lọ sọ́jà, etí ni wọn yóò tajà fún, ojú kò ní rí nǹkan kan. Bó bá sì ṣubú, kó má wá òkúta tí yóò di ẹ̀bi rù.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ bu iyọ̀ sí i, kí ẹnu mi dúdú bí ẹnu ẹni tó lá pólíìṣì.