Bí Àpáta Ṣe Di Ìlẹ̀kùn ní Ìdó-Apá

Kí Ìdó-Apá tó di ìlú tí ogun ń yẹra fún, ìgbà ọyẹ́ ni àwọn èèyàn ibẹ̀ máa ń bẹ̀rù jù lọ nínú ọdún. Kì í ṣe òtútù ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ìgbà náà ni odò máa ń fà, tí koríko máa ń gbẹ, tí ọ̀nà sì máa ń mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kó ogun wá. Àwọn ará Ìgbóròkò ni wọ́n máa ń kó o wá. Balógun Ajíbógundé ni olórí wọn, ọkùnrin kan tí í jẹun àárọ̀ nínú ilé ara rẹ̀, tí í jẹ ti ọ̀sán nínú oko olóko. Òkè ló yí Ìdó-Apá ká, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wọ inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Ọ̀fun nítorí pé ó há láàárín òkè méjì. Níbi tí ọ̀nà yìí parí sí ni ibodè ìlú wà. Bí ibodè bá dúró, ìlú dúró. Bí ó bá ṣubú, kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ sá gbà.

Ìdó-Apá kò ní ọmọ ogun tó pọ̀, ṣùgbọ́n ó ní gbẹ́nàgbẹ́nà bí ẹni pé wọ́n ń hù níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń wá odó tí kì í tètè sán, tàbí òpó ààfin, tàbí ìlẹ̀kùn tí àwòrán ẹja àti ẹṣin wà lára rẹ̀, Ìdó-Apá ló ń lọ. Ìwà kan ló ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Oníkálukú ń gbẹ́ igi rẹ̀ lẹ́yìn ògiri ilé rẹ̀, bí àlejò bá sì yọ, wọ́n á fi ẹní bo iṣẹ́ mọ́lẹ̀ wàrà, kí ẹnikẹ́ni má baà jí ọnà wọn kọ́. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí ìyàwó wọn pàápàá rí ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń dárà. Nítorí náà, nígbà tí Baálẹ̀ ní kí wọ́n ṣe ìlẹ̀kùn tuntun sí ibodè, ṣe ni wọ́n pín pákó rẹ̀ láàárín ara wọn, tí olúkúlùkù sì gbé tirẹ̀ lọ sílé.

Ọ̀gá láàárín wọn ni Ọnàjídé, ọmọ Agúnlóyè, ọmọ aláàáké tí ń sọ ìtì igi di èèyàn, ọmọ agbẹ́gi-títí-kígi-fẹ́rẹ̀ẹ́-fọhùn. Àárín òjò ni wọ́n gé igi ìlẹ̀kùn náà. Nígbà tí Ọnàjídé fi àáké kan tirẹ̀, omi ta sí i lójú, ó sì mọ̀ pé igi yìí kò tíì tó gbẹ́. Igi gbígbẹ wà nílé rẹ̀: ìtì igi apá kan ń bẹ ní àjà, lókè ààrò, tó ti ń yá èéfín láti ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ilé tuntun tó ń kọ́ ló ń fi í pamọ́ fún. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé pákó tutù kan ṣoṣo láàárín pákó gbígbẹ kò lè ba nǹkan jẹ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni gbogbo àwọn yòókù ń sọ nínú ilé tiwọn.

Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà kọ́, ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn ń ti oko bọ̀ wá wò ó. Nígbà tí ọyẹ́ dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ fa omi inú igi náà tán, pákó sì súnkì kúrò lára pákó. Àlàfo tó ṣí láàárín wọn gba apá èèyàn. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìlẹ̀kùn Ìdó-Apá lanu, àwọn ará Ìgbóròkò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ní ìdájí, wọ́n gbé ọ̀pá ìdábùú kúrò, wọ́n wọlé. Àwọn tí wọ́n kó lọ pọ̀. Ọnàwálé, àbúrò tí Ọnàjídé gbé pọ̀n dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, wà nínú wọn. Kò pẹ́ tí Ajíbógundé fi rán ẹnì kan padà wá pẹ̀lú ọ̀pá ìdábùú ibodè náà, ó ti ṣẹ́ ẹ sí méjì. Kò sí ẹni tí wọ́n ní láti túmọ̀ àrokò yẹn fún. Ó ń padà bọ̀ wá kó àwọn tó kù kí òjò tó rọ̀.

Gbogbo ìlú pé sí iwájú ilé Baálẹ̀. Àwọn kan ní ẹnì kan ló dalẹ̀. Àwọn kan ti ń tọ́ka sí àlejò kan tó ń gbé lẹ́bàá ọjà. Ọnàjídé kò lè fara dà á mọ́, ó dọ̀bálẹ̀ láàárín agbo, ó ní:

"Baálẹ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó ta ìlú mọ́. Èmi rèé. Pákó tí mo gbẹ́ sí ibodè, tútù ni. Mo mọ̀ pé ó tutù kí n tó gbé e jáde. Igi gbígbẹ wà ní àjà mi, mo fi í pamọ́ fún ilé ara mi. Ẹ fi àlejò yẹn sílẹ̀."

Ajíbọ́nà, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tí òun àti Ọnàjídé kì í kí ara wọn dáadáa, wúkọ́. "Tèmi náà tutù," ó wí, ojú rẹ̀ nílẹ̀. Ẹlòmíràn ní tòun náà tutù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ lọ títí tó fi hàn gbangba pé kò sí pákó gbígbẹ kan báyìí lára ìlẹ̀kùn náà. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

Ọnàjídé kò dìde nílẹ̀. "Igi tutù tó gbẹ ló súnkì, tó ṣe wá báyìí," ó wí. "Igi gbígbẹ tó bá mu omi, wíwú ló ń wú, kò sì sí ohun tó lè dá a dúró. Nígbà tí mo wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, mo kan èèkàn gbígbẹ mọ́ odó ìyá ọ̀gá mi níbi tó ti sán. Wọ́n fọ odó náà, wọ́n rọ omi sínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti là sí méjì. Àpáta tó so rọ̀ sórí Ọ̀nà Ọ̀fun, gbogbo wa la mọ̀ pé ó sán. Aláǹgbá ń gbé inú rẹ̀. Bí a bá kan èèkàn gbígbẹ kún ojú sísán náà, tí a ń rọmi sí i, yóò ya wá sílẹ̀, yóò dí ọ̀nà náà pa."

"Omi dà?" Ìyálóde Àwẹ̀ró ló bi í, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í tètè ga, tí gbogbo èèyàn sì máa ń dákẹ́ gbọ́. "Kànga tó kù, ẹrẹ̀ la ń bù jáde nínú rẹ̀. Ọnàjídé, ẹ fi igi tutù ṣọ́ wa, wọ́n kó ọmọ wa lọ. Ẹ tún fẹ́ gba omi ẹnu àwọn tó kù, kí ẹ lọ fi wẹ òkúta. Bí òkúta ò bá wá dá yín lóhùn ńkọ́? Ṣé òkú wa ni kí Ajíbógundé wá bá?"

"Ìyá, òótọ́ lẹ sọ. N kò ní ohun tí mo lè fi dá yín lójú. Bí àpáta náà bá ya, àwa tí a gbẹ́ igi tutù ni yóò máa fi orí ara wa pọnmi fún ẹ̀yin obìnrin ìlú yìí, àwa àti àrọ́mọdọ́mọ wa. Bí kò bá ya, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ tì síta fún ogun."

Àwọn obìnrin kan fi ẹ̀rín sí i. Wọn kò rí ọkùnrin tó pọnmi rí ní Ìdó-Apá. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín.

"Mo gbọ́," ó wí. "Ẹ lọ gbẹ́ èèkàn yín. Ṣùgbọ́n gbangba ni ẹ ó ti gbẹ́ ẹ, níbi tí ojú wa yóò ti tó o. A ò fẹ́ ẹ̀yìn ògiri mọ́."

Bí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ìdó-Apá ṣe kọ́kọ́ jókòó pọ̀ nìyẹn, lábẹ́ igi ọdán tó wà lójú ọjà. Ọnàjídé ló kọ́kọ́ sọ ìtì apá rẹ̀ kalẹ̀, ó sì là á kó tó lè pa ọkàn dà. Àwọn yòókù ń gbé tiwọn bọ̀ láti àjà: ìlẹ̀kùn tó kù díẹ̀ kó parí, ère, odó ìyàwó. Ó dùn wọ́n, kí n má purọ́. Wọn kì í kan èèkàn kan láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kọ́kọ́ fi òòlù gbá a létí gbogbo wọn, kí wọ́n gbọ́ bóyá ó dún gan-an bí igi gbígbẹ ṣe ń dún. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara wọn. "Baba, ṣé báyìí lẹ ti ń mú àáké láti ọjọ́ yìí?" ọ̀kan nínú wọn bi Ajíbọ́nà. "Abájọ tí odó yín fi máa ń wọ́!" Ajíbọ́nà ní kí ẹni tí odó rẹ̀ kò wọ́ wá gbà á lọ́wọ́ òun. Inú Ọnàjídé dùn níbẹ̀, ojú sì tì í pé inú òun dùn, nítorí àbúrò rẹ̀ ṣì wà ní ìdè.

Wọ́n kan èèkàn kún ojú sísán àpáta náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn obìnrin tò sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n ń gbé ìkòkò lé ara wọn lọ́wọ́ gòkè. Ọmọdé ń sunkún omi, wọ́n ń wo omi tó ń kọjá lọ sí ẹnu òkúta. Ọjọ́ kìíní, àpáta kò mira. Ọjọ́ kejì, aláǹgbá jáde nínú rẹ̀, kò sì padà wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí eruku àwọn ará Ìgbóròkò lókèèrè, kànga sì ti gbẹ. Igbá kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, èyí tó fi pamọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó wo Ọnàjídé, ó gbé igbá náà lé e lọ́wọ́.

Ajíbógundé ti wọ Ọ̀nà Ọ̀fun, òun ló ṣáájú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọnàjídé wo ojú sísán náà, ó rí i pé èèkàn kan ti yọ nísàlẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú àpáta, ó fi dì í mú, ó fi òsì gbé òòlù, ó gbá a wọlé. Ó da omi Àwẹ̀ró sí i. Àpáta náà ké. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ariwo rẹ̀ dà bí ti igi ńlá tó ń wó. Ó ṣí díẹ̀, ó padé díẹ̀ mọ́ ọwọ́ Ọnàjídé, ó sì ya lọ sílẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ogun Ìgbóròkò wà lẹ́yìn àpáta, wọn kò rí ibi gbà. Ajíbógundé wà níhà ti ìlú, òun àti ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀, pẹ̀lú gbogbo Ìdó-Apá tó dúró dè é. Wọ́n mú un láàyè, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí àwọn ará Ìgbóròkò fi dá gbogbo ará ìlú tí wọ́n kó lẹ́rú padà. Ọnàwálé wà nínú àwọn tó bọ̀. Òun ló fi aṣọ di ohun tó kù lára ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ-ọmọ Àwẹ̀ró náà yè, nítorí pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà gun òkè kọjá lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n lọ pọnmi ní odò tó jìnnà.

Ọnàjídé kò gbẹ́ igi mọ́ láyé rẹ̀. Abẹ́ ọdán ló ń jókòó sí, tí ń fetí gbọ́ igi fún àwọn ẹlòmíràn. Títí di òní, ẹgbẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà Ìdó-Apá kì í ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ògiri, kò sì sí iṣẹ́ tó ń kúrò lábẹ́ ọdán láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ti gbá igi rẹ̀ gbọ́. Àpáta náà ṣì wà níbi tó ṣubú sí. Ìlẹ̀kùn Ọnàjídé ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ kan sì ń bẹ nínú ọyẹ́ tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń pọnmi káàkiri ilé. Olórí wọn ló máa ń ṣíwájú pẹ̀lú ìkòkò lórí. Á ká ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, á fi òsì nìkan di ìkòkò mú. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ òsì náà ni yóò fi bu omi fún ìyá ilé. Níbòmíràn, ìjà ni ìyẹn ì bá dá sílẹ̀. Ní Ìdó-Apá, ìyá ilé á kúnlẹ̀ gbà á.