Nọ́ọ̀sì Tó Yọ Túùbù Kúrò

Obìnrin kan wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìwòsàn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àwọn àbà tó ń bójú tó wà lókè, lẹ́yìn àpáta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ fún àwọn ọmọ ọwọ́ tó wà níbẹ̀. Inú kúlà kan tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ló ń kó abẹ́rẹ́ náà sí. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán, abẹ́rẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀kadà kò lè gba ọ̀nà náà, nítorí ó há gan-an níbi tó ti gba àárín àpáta kọjá. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn yóò débẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn yóò ti mú, àwọn ìyá yóò sì ti lọ sóko. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ ni nọ́ọ̀sì ń gùn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún orí òkè ni, táyà rẹ̀ sanra, ó sì lágbára.

Túùbù inú táyà ni ìṣòro rẹ̀. Ẹ̀gún pọ̀ lọ́nà yẹn, òkúta ẹlẹ́nu mímú sì pọ̀. Bí ẹ̀gún kò bá gún túùbù, òkúta á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ríìmù, irin roboto tí táyà wà lórí rẹ̀, títí á fi là. Nọ́ọ̀sì á sọ̀ kalẹ̀, á tú táyà, á lẹ túùbù, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kó tó ṣe tán, oòrùn ti mú ganrínganrín.

Láàárín àwọn ìyá tó wà lókè, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tinúadé. Òun ni àwọn yòókù ń wò kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Ó ti pọn ọmọ dúró de nọ́ọ̀sì rí, kò rí i. Ó tún dúró nígbà mìíràn. Lọ́jọ́ yẹn nọ́ọ̀sì dé, ó ṣí kúlà, omi lásán ló bá níbẹ̀. Obìnrin náà kò bínú. Ó kàn tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ kú wàhálà,” ó ní. “Ṣùgbọ́n a ní iṣẹ́ lóko. Tí kò bá dá yín lójú pé ẹ máa tètè dé, ẹ má ránṣẹ́ sí wa mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà dun nọ́ọ̀sì ju kí wọ́n bú u lọ. Bó ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ wá sísàlẹ̀, ó pinnu pé òun máa yọ túùbù kúrò pátápátá. Ó ti gbọ́ pé táyà tí kì í lo túùbù wà. Táyà àti ríìmù fúnra wọn ló ń di atẹ́gùn mú láàárín ara wọn. Wọ́n á da oje funfun kan sínú rẹ̀, bí ẹ̀gún bá sì gún táyà, oje náà á ṣàn lọ síbẹ̀, á dí ihò náà.

Ó wọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá, ó sì wọ ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. Ọlọ́jà gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan jáde tó ń dán.

“Àǹtí, èyí ni àwọn tó ń díje ń lò,” ọlọ́jà ní. “Ẹ fi ìka kan gbé e wò.”

Nọ́ọ̀sì fi ìka kan gbé e, ó sì fúyẹ́ lóòótọ́. Ó wù ú. Ó ronú bí òun ṣe máa fi gun òkè láìmí gúlegúle.

“Tó bá kọlu òkúta ńkọ́?” ó béèrè.

“Ọ̀nà tó tẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún.”

“Ọ̀nà tèmi kò tẹ́jú.”

Ó gbé e padà sílẹ̀. Ó mú ọ̀kan tó wúwo, tí ríìmù rẹ̀ fẹ̀, tí sípóòkù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, pọ̀, tí wọ́n sì gbẹ́ inú rẹ̀ kí etí táyà lè ríbi jókòó sí. Ó ra téèpù tí wọ́n fi ń bo ihò sípóòkù, ó ra fáàfù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó ra oje funfun náà.

“Táyà ńkọ́?” ọlọ́jà béèrè.

“Táyà mi ṣì dára. Kò tíì jẹ rárá.”

“Ó dáa, Àǹtí.”

Òótọ́ ni, táyà náà dára. Ibi tí ó ti ṣì í gan-an nìyẹn. Ó yẹ ríìmù wò lọ́tọ̀, ó rí i pé ó dára. Ó yẹ táyà wò lọ́tọ̀, ó rí i pé ó dára. Kò béèrè bí àwọn méjèèjì ṣe máa jókòó pọ̀.

Nígbà tó délé tó fẹ́ atẹ́gùn sí i, atẹ́gùn náà rọra ń jáde. Ó tún fẹ́ ẹ, ó sì da oje sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, táyà ti rọ̀. Ó da oje kún oje. Lọ́tẹ̀ yìí, táyà le títí di ọjọ́ kejì. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé kò tíì tó, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì fẹ́ kó ti tó. Ó ránṣẹ́ sókè pé òun ń bọ̀.

Níbi tí ọ̀nà ti há, táyà ẹ̀yìn fara gbá àpáta. Etí rẹ̀ yọ kúrò lára ríìmù, gbogbo atẹ́gùn tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, oje funfun sì fọ́n sí i lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Ó fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ náà lọ. Nígbà tó dé, àwọn ìyá ṣì ń dúró. Ó ṣí kúlà, ó rí i pé yìnyín ti yọ́, ó sì dé e padà. Ìyá Tinúadé wo oje tó ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó yípadà, ó lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e.

Nílé, ọkọ nọ́ọ̀sì gbé omi gbígbóná fún un.

“Ìyá Ìdòwú, dá túùbù padà sínú ẹ̀,” ọkọ rẹ̀ ní. “Túùbù kò kúkú ṣàjèjì sí wa.”

“Kò ṣàjèjì. Òun náà ló kọ́kọ́ dá mi dúró lọ́nà.”

“Kí lo wá fẹ́ ṣe?”

“Mo fẹ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà jáde.”

Ó fi táyà padà sórí ríìmù bó ti lè ṣe é mọ, ó fẹ́ ẹ, ó gbé e sínú agbada omi, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ó rò pé òun máa rí ihò kan. Kò rí ihò. Ìfófó wẹ́wẹ́ ló ń yọ láàárín etí táyà àti ríìmù, yíká, láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ títí tó fi padà débẹ̀. Ó jókòó ti agbada náà. Ó rí i pé láti ọjọ́ tí òun ti ń gun kẹ̀kẹ́, táyà kò fìgbà kan di ríìmù mú. Túùbù ló wà láàárín, tó ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé wọ́n di ara wọn mú. Ó sì rí i pé oje lè dí ihò ẹ̀gún, ṣùgbọ́n kò lè mú kí ohun méjì tí kò fara kan ara wọn fara kan ara wọn.

Ó padà sí ìlú ńlá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà fúnra rẹ̀ dání.

“Ẹ kó táyà tẹ́ ẹ ní jáde,” ó sọ fún ọlọ́jà. “Ẹ má sọ èyí tó dára jù fún mi. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sórí rẹ̀.”

Wọ́n ń gbé wọn sórí ríìmù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ etí wọn. Òmíràn rẹwà, kò di ríìmù mú. Òmíràn le jù. Ó mú ọ̀kan tí kò dán, tí etí rẹ̀ nípọn, tó sì bọ́ sínú ibi tí wọ́n gbẹ́ nínú ríìmù gẹ́lẹ́.

Nígbà tó délé, kò sáré gbé e sórí. Ó kọ́kọ́ ṣí téèpù àtijọ́. Oje tó ti dà sí i tẹ́lẹ̀ ti gbẹ mọ́ gbogbo ojú ríìmù. Ó fi èékánná họ ọ́, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi sípírìtì nù ún. Iṣẹ́ náà pẹ́, ó sì rẹ̀ ẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ. Lẹ́yìn náà ló fi téèpù tuntun lé e, tó sì fi fáàfù sí i, kó tó gbé táyà tuntun náà lé e, kó sì da oje sínú rẹ̀. Òun àti ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fẹ́ táyà ọkọ̀, nítorí pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ kò ní agbára tó. Bí atẹ́gùn ti ń wọlé, etí táyà sún, ó dún pà. Ó tún dún pà ní òdìkejì. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú omi, ìfófó kankan kò yọ.

Kò ránṣẹ́ sókè. Ó gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà àpáta náà lófìfo, ó lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Ẹ̀gún gún táyà. Ó fà á yọ, oje sun jáde díẹ̀, ihò náà dí. Síbẹ̀ kò ránṣẹ́. Ó lọ bá Ìyá Tinúadé lóko rẹ̀, ó bá a níbi tó ti ń kọ ebè.

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀. Kúlà dà?”

“N kò gbé kúlà wá. Mo wá tọrọ àforíjì ni. Nígbà tí mo ránṣẹ́ sí yín kẹ́yìn, kò dá mi lójú, mo sì ránṣẹ́.”

Obìnrin náà fi ọkọ́ sílẹ̀. Ó wò ó.

“Ó wá dá yín lójú báyìí?”

“Ó dá mi lójú.”

“Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ ọjà. Màá wà níbẹ̀. Àwọn yòókù, n kò lè ṣèlérí lórúkọ wọn.”

Lọ́jọ́ ọjà, táyà kọlu àpáta níbi tó há yẹn, kò sì yọ kúrò lára ríìmù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé òkè, yìnyín ṣì ń ró nínú kúlà. Àwọn ìyá tó jáde kò pọ̀. Ìyá Tinúadé ló kọ́kọ́ tú ọ̀já, tó gbé ọmọ rẹ̀ síwájú. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn mìíràn ti ń ti oko bọ̀.

Ìyá kan kò jáde. Àìsàn ti pa ọmọ rẹ̀ láàárín ìgbà tí táyà ń jò. Nọ́ọ̀sì lọ bá a nínú ilé, ó jókòó tì í.

Adédìgba, ìdí tí mo fi sọ ìtàn yìí fún ọ nìyí: o wá bá mi lónìí pé kí n bá ọ gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ. N kò ní gbé e. Láti kékeré yín, ìyá yín ló wà láàárín yín. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá bínú, ìyá yín ló ń sọ fún ọ. Bí ìwọ bá fẹ́ nǹkan, ìyá yín ló ń bá ọ tọrọ. Gbogbo wa rò pé ẹ̀yin méjèèjì di ara yín mú. Ìyá yín ti lọ, a sì ti rí bó ṣe rí. Èèyàn dáadáa ni ọ́, èèyàn dáadáa ni òun náà, síbẹ̀ gbogbo ohun tó wà láàárín yín ló ń jò. O ń fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́ sí i, o ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Oje lò ń dà sí i yẹn.

Nọ́ọ̀sì yẹn rí ọjà tó ti pààrọ̀ táyà. Ìwọ kò ní ẹ̀gbọ́n mìíràn tí o lè rà. Họ ohun tó ti gbẹ mọ́ ọ lára. Ohun tó o sọ nípa rẹ̀ níbi ìsìnkú ìyá yín, lọ fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé o sọ ọ́. Ó lè má ṣílẹ̀kùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí o dúró. Bí mo bá gba iṣẹ́ tí o fẹ́ rán mi yìí, èmi náà yóò di túùbù, àgbà sì ti dé sí mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wà nílé nísinsìnyí. Dìde, kí o máa lọ.