Ìdí Tí Táyà Kẹ̀kẹ́ Fi Ń Tẹ Ojú Mọ́lẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì ń fọhùn, tí ẹranko sì ń gùn ún kiri, róbótó ni táyà kẹ̀kẹ́ rí látòkè délẹ̀. Kò sí ibì kankan lára rẹ̀ tó tẹ́. Ó sanra, ó rọ̀, ó sì ń gba orí òkúta Abà Olókùúta kọjá bí ẹni ń rìn lórí ẹní.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ni kẹ̀kẹ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bá àwọn ẹyẹ gbé ẹyin. Láyé ìgbà yẹn, bí ìyá ẹyẹ kan bá ń ṣàìsàn, wọn a gbé ẹyin rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn kí ó bá a sàba lé e. Ẹyin kò gbọdọ̀ tutù lọ́nà, kò sì gbọdọ̀ fọ́.

Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ àlejò kan ti ìlú ńlá wá. Táyà tirẹ̀ tín-ín-rín, ó le koko, títì ọlọ́dà ló sì gbà dé ẹnu abà, fìrì! Ó wo Táyà Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ikùn yìí ńkọ́? Ṣé ẹ lóyún ni?"

Àwọn ẹranko bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Táyà, ó fẹ́ẹ̀ má lè yí mọ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà níwájú Òkété, ẹni tó ń lẹ táyà fún gbogbo abà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé ikùn yìí dànù. Kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí mi títí n ó fi le bí òkúta."

Òkété gbé pọ́ǹpù, ó tún gbé e sílẹ̀. "Ọ̀nà ọlọ́dà ni tàlejò yẹn. Tiwa, òkúta àti kòtò ni. Ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?"

"Ẹ ṣáà bá mi ṣe é. Ẹ má sì jẹ́ kí Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́."

Òkété mí kanlẹ̀. Ó gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó rán an pọ̀, ó fẹ́ ẹ le gbagidi.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ibà dá Ìyá Awó dùbúlẹ̀. Ẹyin méjìlá ló wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ọmọ mi," ó ní, "bá mi gbé wọn lọ fún Àparò lẹ́yìn òkè. Àwọn nìkan ni mo ní lọ́dún yìí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi òwú wé wọn sínú agbọ̀n, ó so agbọ̀n mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó fò gùn ún. Kò ráyè wo táyà.

Inú Táyà ń dùn. Lónìí ni wọn yóò mọ eré òun! Ṣùgbọ́n wọn kò tíì jìnnà tó fi gbá òkúta, ó fò sókè. Ó balẹ̀, ó gbá òmíràn, ó tún fò. Gbogbo eré tó yẹ kó fi lọ síwájú, òkè ló ń fi fò. Eyín Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbá ara wọn. Ewúrẹ́ kan tó ń jẹko lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kọjá wọn.

Nígbà tó yá, nǹkan kan kán sí ẹ̀yìn Táyà. Ó rò pé ìrì ni. Ó tún kán, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í ṣe ìrì.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn òkè, Àparò tú òwú. Mẹ́ta péré ló kù.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ìyókù dà?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ bojú wo Táyà. Pupa ẹyin ń gbẹ lára rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Ìyá Awó gbórí sókè. "Ṣé gbogbo wọn débẹ̀?"

Táyà ló dá a lóhùn. "Mẹ́ta, mà. Ẹ má bá Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. Èmi ni mo lọ gé ikùn mi, torí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

Ìyá Awó kò bú u. Ó ní, "Ikùn tí o gé yẹn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn fún Táyà. Ẹ̀rín àwọn ẹranko kò dùn ún tó èyí. Ó padà lọ bá Òkété. Òkété tú okùn tó fi rán an, ó dá ikùn rẹ̀ tó ti tọ́jú pamọ́ padà fún un, ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn díẹ̀ jáde, fììì. Táyà sanra padà, ṣùgbọ́n kò lè gbójú sókè mọ́. Ó tẹ ojú mọ́lẹ̀ níwájú ilé Ìyá Awó.

Láti ọjọ́ náà ni táyà kẹ̀kẹ́ kì í ti í rí róbótó délẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó bí ẹnìkan bá gùn ún: ibi tó ti kanlẹ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú ló ń fi pamọ́, nítorí ẹyin mẹ́sàn-án.