Ọkọ̀ Tí Àna Tún Ṣe

Oyèdókun ará Ìdí-Àgbọn kì í ṣe olówó, ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀. Láyé ìgbà náà, bọ̀lẹ̀kájà onípákó ló ń kó kòkó àti èèyàn pọ̀ láti abà wá sí ìlú, ẹni tó bá sì ní tirẹ̀ ti kúrò lẹ́ni à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Oyèdókun ti ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ títí irùngbọ̀n fi hù ú, ó wa ọkọ̀ olówó ọkọ̀ títí irùngbọ̀n náà fi ń funfun, kó tó ra àlòkù kan tó lágbára. Ó ní kí wọ́n kọ “SÙÚRÙ LÓ LÈRÈ” sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ máa wo èrè tí ó jẹ.

Sìfáwù ni ìyàwó rẹ̀. Lásìsì, ẹ̀gbọ́n Sìfáwù, ni mẹkáníìkì tó ní ọgbà tó tóbi jù lẹ́bàá ọ̀nà abà. Ẹ ò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ohun tí àna jẹ́ fún yín. Ẹni tó bá ti fún ọ ní ọmọ fẹ́, ó tán, kò sí ohun tí o lè bá a dù mọ́. Bí Lásìsì bá tilẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀, tó jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta, Oyèdókun á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún ẹsẹ̀ náà ná kó tó sọ ohun tó bá wá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ a máa rẹ́rìn-ín sí i, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ kò ju pé kó bá a nu plọ́ọ̀gì lọ. Lásìsì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó, ó pòṣé.

“Ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?”

“Èmi náà ni, bọ̀ọ̀dá.”

“Irọ́ lo pa. Ọlọ́run ló ń bá ọ wà á. Gíà tó wà nídìí ọkọ̀ yìí ti jẹ tán pátápátá. Bó o bá fi gun òkè lọ́la, ẹ̀yìn ni wàá fi sáré padà wálé, tìwọ ti àwọn èrò tó wà lẹ́yìn.”

Oyèdókun yọjú wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Ó ti fi ọkọ̀ náà gun òkè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, kò sì gbọ́ kí gíà ké. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ lójú àna? Ó dáhùn pé, “Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, bọ̀ọ̀dá. Ẹ bá mi ṣe é.” Háà! Ọ̀rọ̀ tó pa ọkùnrin náà nìyẹn.

Àṣà kan wà tí gbogbo ọlọ́kọ̀ mọ̀. Irin tí mẹkáníìkì bá yọ nínú ọkọ̀, ti ọlọ́kọ̀ ni. Yóò gbà á, yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò gbé e lọ sílé, kódà bó bá jẹ́ pé adìẹ ni yóò máa fi irin náà ṣe ibùsùn. Gbogbo ọlọ́kọ̀ tó ń lọ sọ́gbà Lásìsì ló ń béèrè irin àtijọ́ wọn. Oyèdókun nìkan ni kì í béèrè. Bí o bá ní kí àna rẹ fi irin tó yọ hàn ọ́, kí lo ń wí? Olè lo pè é yẹn. Nítorí náà, gíà àtijọ́ wà lọ́dọ̀ Lásìsì, èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun kí oṣù tó wọ̀.

Lẹ́yìn gíà, bíréèkì. Lẹ́yìn bíréèkì, rédíétọ̀. Nǹkan kan kì í bàjẹ́ nínú ọkọ̀ náà kí ó tó wọ ọgbà Lásìsì; bó bá ti jáde ni àìsàn ń bẹ̀rẹ̀. Sìfáwù ta òfì tó fi ṣe ìyàwó. Ó ta ìkòkò idẹ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà ni owó rẹ̀ ń parí sí, tí ẹ̀gbọ́n ọ̀hún á sì tún máa sọ pé òun fi ojú àna wò wọ́n ni, pé kì í ṣe iye tí òun ń gbà lọ́wọ́ ará ìta nìyẹn. Ẹnu kì í kúkú rẹ ọ̀bàyéjẹ́.

Ògúndìran, tí wọ́n jọ ṣe ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀, kò lè dákẹ́ mọ́. Ó ní, “Oyè, gbé ọkọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.”

“Kí n wa ọkọ̀ mi kọjá lẹ́nu ọ̀nà àna mi lọ bá ẹlòmíràn? Ojú wo ni Sìfáwù á fi délé wọn?”

“Ojú tó bá ní ni kó fi lọ. Tàbí kí o jókòó tì í, kí o rí ohun tó ń ṣe.”

“Kí n máa ṣọ́ àna mi?”

“Máa pè é ní iṣẹ́ kíkọ́. Máa pè é ní ohunkóhun. Ṣáà jókòó tì í.”

Ìgbà kòkó dé. Àwọn àgbẹ̀ Abà Ọ̀pẹ̀, tí kòkó wọn pọ̀ ju ti gbogbo abà yòókù lọ, ránṣẹ́ sí Oyèdókun. Wọ́n ní bí ọkọ̀ rẹ̀ bá wà lẹ́nu ọ̀nà abà ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, òun ni yóò máa kó ẹrù wọn láti ọdún dé ọdún. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á pe ẹlòmíràn, kí ó má bínú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ohun tí ọkùnrin náà ti ń wá láti ìgbà èwe rẹ̀ ló wá bá a nílé yẹn. Bó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, gbèsè tán, òfì Sìfáwù padà. Bó bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó padà sídìí ọkọ̀ olówó ọkọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ló wa ọkọ̀ lọ sọ́gbà, kí àna rẹ̀ kàn bá a pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó sọ ìròyìn ayọ̀ náà fún un pẹ̀lú. Kò yẹ kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn, kò sì ka àna rẹ̀ kún ẹni tí à ń fi ayọ̀ pamọ́ fún.

Lásìsì fi àkísà nu ọwọ́. Ó ní, “Abà Ọ̀pẹ̀? Ó dára. Ẹ́ńjìnnì yìí la máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò lè gbé ẹrù Abà Ọ̀pẹ̀. Máa lọ sílé, padà wá gbé e lọ́la.”

Ọ̀rọ̀ Ògúndìran sọ sí Oyèdókun lọ́kàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, màá jókòó tì yín. Màá máa na sípánà sí yín.”

“Ìwọ! Àna mi! Kí o máa na sípánà sí mi? Kí ni aráyé á wí?”

“Kò sí ohun tí wọ́n á wí, bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà ni.”

Ojú Lásìsì yí padà, ṣùgbọ́n ó na sípánà kan sí i. Àwọn méjèèjì wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀. Lásìsì ń lu ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lù, bí ẹni ń wá ohun tí kò sọ nù, àna rẹ̀ sì la ojú sílẹ̀ ó ń wò ó. Bó ṣe ń lù ú, ìpẹtà já bọ́ láti abẹ́ ọkọ̀, ó já sí ojú ọ̀tún Oyèdókun.

“Yéè! Ojú mi o!”

Ó rákò jáde. Kò ríran mọ́, omi ń dà lójú rẹ̀ méjèèjì. Kí là ń ṣe nílé wa bí nǹkan bá kó sí èèyàn lójú? Ẹni tó bá wà nítòsí la ó ní kó bá wa fẹ́ ẹ. Ìyá ń fẹ́ ẹ fún ọmọ, ọ̀rẹ́ ń fẹ́ ẹ fún ọ̀rẹ́. Oyèdókun kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọlọ́ìlì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìpéǹpéjú sókè àti sílẹ̀, ó gbé ojú náà fún àna rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi fẹ́ ẹ.”

Oúnjẹ tí ìyàwó Lásìsì gbé wá wà lórí àga ní ẹ̀gbẹ́ wọn, iṣu sísun àti ata gígún tí wọ́n da epo sí, nínú abọ́ tánńganran onídèérí. Lásìsì ò tíì fọwọ́ kàn án. Oyèdókun gbọ́ tí ìdèérí ń ró. Ó rò pé omi ni àna òun fẹ́ fi fọnu kó tó fẹ́ ojú fún òun, ó sì tún dúpẹ́.

“Ẹ ṣeun, bọ̀ọ̀dá.”

Lásìsì sún mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ kún. Ó fi àtàǹpàkò fẹ ojú náà sí i, ó tẹ̀ba, ó sì fẹ́ ẹ.

Ariwo tí Oyèdókun pa, àwọn tó wà lọ́jà gbọ́ ọ. Ó ń yí nílẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n dú. Ẹni tó ṣe é náà ló sì ń pariwo jù: “Ẹ gbà mí o! Ìpẹtà yìí mà burú o! Ẹ tètè mú àna mi lọ sílé!” Wọ́n fa Oyèdókun lọ́wọ́ lọ sílé. Ọkọ̀ kù sílẹ̀ lọ́gbà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ nìkan wà pẹ̀lú rẹ̀.

Sìfáwù bomi, ó ń bọ́jú fún ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Bàbá Múìbì, ṣé ìpẹtà máa ń ní kóró?”

Oyèdókun yí ojú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kóró ata ló wà nínú ìpéǹpéjú yín yìí. Báwo ló ṣe débẹ̀?”

“Má sọ ọ́ síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló fẹ́ ẹ.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni! Ata ni mò ń bi yín!”

Kò dúró mú gèlè. Nígbà tó dé ọgbà, wọ́n ti fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ ẹ̀ sókè, wọ́n ń sọ̀ ọ́ bọ̀ sínú bọ̀lẹ̀kájà mìíràn tí taápólì ti ń bò ní kọ̀rọ̀ ọgbà náà látọjọ́ yìí. Pákó rẹ̀ tuntun, kíkùn ni wọn ò tíì kùn ún. Sìfáwù figbe ta. Èèyàn pé lé wọn lórí, ojú sì ti àwọn ọmọ iṣẹ́, wọ́n jẹ́wọ́. Gíà inú ọkọ̀ tuntun yẹn, ti Oyèdókun ni. Bíréèkì rẹ̀, ti Oyèdókun ni. Rédíétọ̀, ti Oyèdókun ni. Ẹ́ńjìnnì ló kù tí ọkọ̀ Lásìsì á fi pé.

Mọ́ńdè pé, àwọn ará Abà Ọ̀pẹ̀ dúró títí oòrùn fi mú. Wọn ò rí ọkọ̀ Oyèdókun.

Ọsibítù ló ti ń gba ìtọ́jú nígbà náà. Ìpẹtà ti ha ojú náà, ata wọnú ọgbẹ́, ó sì ti pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé ìgboro. Ojú ọ̀tún fọ́. Ìjọba kì í sì í fún olójú kan ní láísẹ́ńsì láti kó èrò.

Bàbá Ràímì, tó bí Lásìsì àti Sìfáwù, pe ẹbí jọ. Wọ́n bi Lásìsì léèrè ata. Ó ní, “Mò ń jẹun lọ́wọ́ ni. Ìdààmú ò jẹ́ kí n rántí fọnu.” Àwọn àgbà ẹbí mi orí, wọ́n ní àṣìṣe ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n bi í léèrè ẹ́ńjìnnì. Ó ní òun fẹ́ fi dán ọkọ̀ òun wò ni, òun máa dá a padà. Wọ́n tún mi orí. Bàbá Ràímì kọjú sí Oyèdókun.

“Àna wa, ẹbí la jẹ́. Ẹ jẹ́ ká bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ò lè wakọ̀ mọ́. Kí Lásìsì máa lo ẹ́ńjìnnì náà, kó máa fún yín ní nǹkan níbẹ̀. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?”

Oyèdókun dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀yìn ìyẹn, kò tún dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà mọ́.

Ó ní, “Bàbá, irin ni ẹ́ńjìnnì. Bọ̀ọ̀dá ò jẹun. Iṣu wọn wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e wá, mo gbọ́ tí wọ́n ṣí abọ́. Bí wọ́n bá lúgọ dè mí lọ́nà, tí wọ́n da ata sí mi lójú, màá ní olè ló pàdé mi. Èmi ni mo kúnlẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi la ojú fún wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi fẹ́ ẹ ni, bàbá. Mo tún dúpẹ́.”

Kò sí ẹni tó lè mi orí mọ́. Sìfáwù bú sẹ́kún, ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde.

Ẹ má retí kí n sọ pé ọkọ̀ Lásìsì já sí kòtò. Kò já. Ó ń lọ geere, òun ló sì ń kó kòkó Abà Ọ̀pẹ̀ lọ́dún yẹn àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nǹkan tí wọ́n ní kó máa fún Oyèdókun, ó fún un lẹ́ẹ̀kan, ó tán síbẹ̀. Oyèdókun wá di ẹni tó ń jókòó sí gáréèjì, tó ń bá àwọn onímọ́tò pe èrò. Bí Lásìsì bá wọlé, gbogbo ayé á kí i, Oyèdókun nìkan á yíjú sápá kan. Àwọn àlejò tí kò mọ ìtàn á bá a wí pé, “Bàbá, ṣebí àna yín nìyẹn, ẹ ò kí i?” Á kàn fọwọ́ kan ojú ọ̀tún rẹ̀, á sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún wọn.

Àwọn awakọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà láti gáréèjì dé gáréèjì. Àwọn kan wà tí wọ́n á ní òwe náà ti wà kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa; kí wọ́n máa pa ìtàn tiwọn. Ní Ìdí-Àgbọn, ẹnu Oyèdókun la ti gbọ́ ọ, òun náà sì ni àwọn àgbà ibẹ̀ ń rántí nígbàkígbà tí ẹni à ń gbójú lé bá da ni, tí wọ́n á mí kanlẹ̀, tí wọ́n á ní: ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.