Lẹ́tà Ìlọ̀rí

Ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ láyé ọjọ́un, Akọ̀wé Oyèéyẹmí nìkan ló gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Òun ní í ka lẹ́tà fún gbogbo ilé, òun náà ló sì fòfin lélẹ̀ pé lẹ́tà tí òun bá ti kà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e lọ kà níbòmíràn. Ó ní ìyájú ni.

Lọ́jọ́ kan, Òjúọlápé, opó tí kò bí ju ọmọ kan ṣoṣo lọ, mú lẹ́tà wá. Ìlọ̀rí ọmọ rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ láti ìdálẹ̀ tó ti ń lagi. Ẹbí pé jọ láti gbọ́. Oyèéyẹmí tú ìwé náà. Arúgbó kan ló bá ọmọ náà kọ ọ́, gẹ̀ẹ́sì àwọn baba ńlá òyìnbó ló sì fi kọ ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ náà jọ èyí tó mọ̀ bí ìbejì ṣe ń jọra, síbẹ̀ kò mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Ó mọ̀ pé Tíṣà Fádípẹ̀ tó wà lódìkejì odò yóò lè kà á. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Bí ará ìlú bá rí i lọ́nà ibẹ̀ ńkọ́?

“Akọ̀wé, kí lọmọ mi wí?”

Ó wúkọ́. “Ó ní àlàáfíà lòun wà, ìyá. Òun ń bọ̀ nígbà ìkórè.”

Òjúọlápé dúpẹ́ títí. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í sá èlùbọ́ de ọmọ.

Ìkórè dé, Ìlọ̀rí kò dé. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń lagi ló kó aṣọ rẹ̀ wálé. Ó ní àìsàn ló ṣe é. Odindi oṣù kan ló fi ń wo ojú ọ̀nà, tó ń béèrè ìyá rẹ̀, kó tó kú.

“Ṣé lẹ́tà ò tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni, ìyá?”

Òjúọlápé kò sunkún. Ó mú lẹ́tà náà tọ akọ̀wé lọ.

“Tún un kà fún mi.”

Oyèéyẹmí gba lẹ́tà náà, ó dorí kodò.

“Odò yìí ò jìn,” ni ìyá wí. “Ká ní o sọ pé o ò mọ̀ ọ́n ni, èmi fúnra mi ì bá gbé e sọdá.”

Ọjọ́ náà gan-an ni akọ̀wé tó sọdá lọ bá Fádípẹ̀. Tíṣà kà á, ó ní: “Ó ní kí ìyá òun tètè máa bọ̀.”

Oyèéyẹmí padà sílé pẹ̀lú ìdáhùn tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ ti ń kìlọ̀ fọ́mọ wọn pé: abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.